Ẹ̀wù Ogun Pọ̀, Ọ̀rọ̀ Ẹnu Kò Tó: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé lórí Fíìmù

Láti ìgbà tí a ti kọ àròkọ kan lórí fíìmù ogun nínú ìwé ìròyìn yìí ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé, Èkìtì ni púpọ̀ nínú wọn sì ti wá. Àwọn kan fara mọ́ ohun tí a kọ, pé aṣọ àti ẹṣin ti ń gba ipò ọ̀rọ̀ ẹnu nínú eré Yorùbá. Àwọn mìíràn ní ojú àgbà ni a fi ń wo ohun ọ̀dọ́. A gé lẹ́tà kúrú níbi tí ó bá ti gùn, a sì fi orúkọ ìlú rọ́pò orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́.

Olùkọ́ kan, Ìkọ̀lé-Èkìtì: Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ orúkọ jagunjagun Yorùbá mẹ́ta sílẹ̀. Ọmọ kan kọ Ògèdèngbé, ó kọ Látòósà, ó wá fi Ògúndìjì ṣe ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo bi í pé ta ni Ògúndìjì, ó ní òun rí i nínú fíìmù. Ṣé kò yẹ kí ìjọba fòfin de irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ni?

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìjọba sinmi. Ọmọ tí ó gba méjì nínú mẹ́ta kò burú, èyí tí ó ṣì mú náà sì ní ibi tí ó ti rí i. Ògúndìjì ni ẹni tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ ṣe nínú Jagun Jagun, tí ó jáde lórí Netflix ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Òǹkọ̀wé eré ni ó fi ọpọlọ ara rẹ̀ dá a, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ṣe Agẹṣinkólé ní ọdún 2022 ti dá ìlú Ajéròmí sílẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí House of Ga'a àti Lisabi tí méjèèjì jáde ní ọdún 2024, nítorí pé Baṣọ̀run Gáà lo agbára ní Ọ̀yọ́ títí wọ́n fi pa á ní ọdún 1774, Lísàbí náà sì fi ẹgbẹ́ àáró kó àwọn Ẹ̀gbá jọ láti gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn ìlàrí, àwọn ìránṣẹ́ ọba Ọ̀yọ́. Síbẹ̀, àbùmọ́ wà nínú àwọn náà, nítorí egungun ìtàn nìkan kò tó fi ṣe eré wákàtí méjì. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi ẹran bò ó.

Ohun tí ẹ lè kọ́ ọmọ náà ni kí ó máa béèrè ìlú tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ọba tí ó wà lórí oyè nígbà náà, àti ìran tí ó ṣì ń jẹ́ orúkọ akọni yẹn títí di òní. Ẹni tí ó bá dé Iléṣà yóò bá ìran Ògèdèngbé níbẹ̀. Kò sí ibi tí yóò ti bá ìran Ògúndìjì.

Ní tèmi, kì í ṣe irọ́ inú fíìmù ogun ni ó ń dùn mí bí kò ṣe ẹnu àwọn jagunjagun inú rẹ̀. Wọn á wọ awọ, wọn á fi owó ẹyọ ṣe ọ̀ṣọ́ sára ẹ̀wù, wọn á kun ojú, ẹṣin á máa yán lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá la ẹnu, ohun tí ọmọ ibùdókọ̀ lè sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, àfi pé ohùn tiwọn ga. Kò sí oríkì, kò sí ìjálá tí ó kọjá ìlà méjì, kò sí òwe tí a kò tíì gbọ́ nínú fíìmù mẹ́wàá ṣáájú. Ìjà á gba ìdajì wákàtí, a kò sì ní rí gbólóhùn kan gbé lọ sílé.

Ará Òkèmẹ̀sí: Wọ́n ti ṣe fíìmù Lísàbí, wọ́n ti ṣe ti Gáà, Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbé Aníkúlápó náà sí. Àwa tí Fábùnmi jẹ́ ọmọ ìlú wa ńkọ́? Ìgbà wo ni wọn yóò gbé ogun Kírìjì jáde kí gbogbo ayé lè wò ó?

Mo bá yín fẹ́ ẹ, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí wọn kò sì tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà rẹ̀ títí di ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, kò ṣeé rọ́ sínú fíìmù kan ṣoṣo, àfi tí wọ́n bá ṣe é ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, bí wọ́n ti ṣe apá kejì Aníkúlápó ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n oògùn ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Bí fíìmù ogun ti rí lónìí, wọn yóò jẹ́ kí Fábùnmi ju àdó sókè, kí iná bú jáde, kí ọmọ ogun Ìbàdàn fọ́n ká bí èlùbọ́. Ogun ìbọn ni Kírìjì. Ìró ìbọn tí ń lù láti orí òkè kan dé èkejì ni ó fún un lórúkọ, ohun tí ó sì jẹ́ kí Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó para pọ̀, lè dojú kọ Ìbàdàn tí ogun jíjà ti di iṣẹ́ rẹ̀ ni ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ọmọ wọn tí ń gbé Èkó bá wọn wá. Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ ogun kan ń rọ ẹ̀tù sẹ́nu ṣakabùlà, ó ń fi ọ̀pá tì í wọlé, ó ń wá ọta, ẹni tí ó wà lódìkejì sì ti yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹta kí tiẹ̀ tó ṣetán. Ìyẹn nìkan tó láti mú òǹwòran dìde lórí àga, a kò sì nílò kọ̀ǹpútà láti fi iná sí i. Mi ò ní kí wọ́n má fi oògùn hàn rárá, nítorí àwọn tí ó jagun náà gbà á gbọ́, wọ́n sì dè é mọ́ra. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí wọ́n má fi í ṣe ìdí tí ẹnìkan fi borí.

Ibi tí mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé eré náà fara balẹ̀ sí jù ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílùú yín gan-an. Ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi sí ìlú láti máa ṣàkóso, ń ni àwọn ará Òkèmẹ̀sí lára, Fábùnmi sì pa á. Gbogbo fíìmù ogun tí mo mọ̀ yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe pípa ajẹ́lẹ̀, yóò sì sáré lọ sójú ogun. Èmi á dúró sí alẹ́ ọjọ́ náà, nínú ìgbìmọ̀ ìlú, nígbà tí gbogbo wọn ti mọ̀ pé Ìbàdàn ń bọ̀. Àgbà kan á ní kí wọ́n fa ọmọ náà kalẹ̀ kí ìlú lè rí oorun sùn. Ìyàwó ilé kan tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ á ti ẹ̀yìn ògiri dá sí i. Ẹnìkan tí ajẹ́lẹ̀ ti gba ẹrú lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tí ó kọjá á dákẹ́, ìdákẹ́ rẹ̀ á sì ju ọ̀rọ̀ lọ. Ìtàn kò kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ fún wa, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ òǹkọ̀wé ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìparí rẹ̀ náà dùn ju ìjà lọ. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, ti kú ní ibùdó ogun ní ọdún 1885 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń tọ́ka sí, wà lára àwọn oníṣẹ́ tí ìjọba Èkó rán láàrin àwọn ọ̀tá méjèèjì títí wọ́n fi gbà láti tọwọ́ bọ̀wé. Ọkùnrin tí ń gbé ìwé kiri láàrin ibùdó méjì tí ìbọn ti ń dún fún bí ọdún mẹ́sàn-án, èmi á sanwó láti wò ó. Àwọn òkè náà ṣì wà lẹ́yìn ilé yín, nítorí náà kò sí ẹni tí ó nílò láti lọ wá òkè mìíràn ní ibòmíràn.

Òǹkàwé kan, Ìjerò-Èkìtì: Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ẹnu géètì àti ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ nìkan ni ó máa ń sọ èdè Èkìtì nínú fíìmù? Ṣé ọba wa kì í sọ̀rọ̀ ni, àbí ìyá arẹwà wa kì í bá ọmọ rẹ̀ wí?

Ẹ̀sùn yìí tọ́, ó sì ti pẹ́ tí ó ti yẹ kí ẹnìkan fi kàn wọ́n. Kì í ṣe ìkórìíra Èkìtì ni ó dá a sílẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ìjọ ti jókòó ní Èkó ní ọdún 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, tí odindi Bíbélì sì jáde ní ọdún 1884, èdè tí ó sún mọ́ ti Ọ̀yọ́ ni ó di èdè ìwé, òun náà ni ilé ìwé sì fi kọ́ gbogbo wa, ọmọ Ìjerò àti ọmọ Ìsẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ eré tí ń fi ọkọ̀ akẹ́rù rìn láti ìlú dé ìlú náà kò lè máa yí èdè padà ní gbogbo ibi tí wọ́n bá sọ̀ sí. Ẹ rántí pé ọmọ Òkèmẹ̀sí ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí a bí ní ọdún 1925, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí a kò lè dá ìtàn eré Yorùbá sọ láìdárúkọ wọn, pẹ̀lú Ògúndé àti Dúró Ládípọ̀; òun ni ó sọ ìtàn ọ̀mu Amos Tutùọlá di eré orí ìtàgé. Peter Fátómilọ́lá, tí ojú wa ti mọ́ bíi babaláwo nínú fíìmù láìmọye, ọmọ Ìfìsìn-Èkìtì ni. Àwọn ọmọ yín wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n kàn fi ẹnu ilé sílẹ̀ nílé ni.

Àwíjàre àtijọ́ nìyẹn. Ti òde òní ni mi ò rí. Fíìmù wo ni ó ń jáde báyìí tí wọn kò kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀? Bí ará Brazil bá lè ka ìsàlẹ̀ kí ó fi mọ ohun tí Ọ̀yọ́ ń sọ, ará Abẹ́òkúta náà lè gbọ́ kí ìyá àgbà kan pe ilé ní ulé, kí ó pe ìlú ní ùlú, kí ọ̀rọ̀ sì yé e láìka ìsàlẹ̀ rárá. Àwọn olórin kò bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Elémùrè Ògúnyẹmí fi ẹnu Èkìtì kọrin, kò sì fi ṣe àwàdà. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí àwọn aṣefíìmù ṣọ́ra fún ni pé Èkìtì kì í ṣe ẹnu kan. Bí Adó ti ń sọ ọ́ kọ́ ni Ọ̀tùn àti àwọn ará Mọ̀bà ń sọ ọ́. Kí wọ́n mú ìlú kan, kí wọ́n wá àgbà kan láti ìlú náà tí yóò jókòó ti àwọn òṣèré, kí wọ́n sanwó fún un bí wọ́n ti ń sanwó fún ẹni tí ń kun wọ́n lójú.

Nígbà tí a sì ti dé ọ̀dọ̀ Èkìtì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iyán. Nínú fíìmù, obìnrin kan á dúró ti odó, á fi ọwọ́ kan gbé ọmọ odó bí ẹni gbé ìgbálẹ̀, á fi ọwọ́ kejì di ìró mú, á sì máa ro ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmí. Kò sí òógùn níwájú orí rẹ̀, kò sí kókó nínú iyán, ìró odó náà kò sì bá ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ mu. Ẹni tí ó bá ti gúnyán fún àlejò ní Èkìtì mọ̀ pé èémí tí a fi ń rojọ́ kò sí lára ẹni tí ń gún un. Ẹni tí ó jókòó tí ń bu omi sí i ni ó ń sọ̀rọ̀. Bí olùdarí bá fi ẹjọ́ náà sẹ́nu ẹni tí ó jókòó, tí ẹni tí ń gún un sì ń fi ọmọ odó dá a lóhùn, eré á dùn, iyán náà á sì jẹ́ iyán.

Ìyá kan ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì: Mo fi dátà mi wo fíìmù kan lórí YouTube lálẹ́. Ibi tí ìyàwó ti fẹ́ ṣí ìwé tí ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí gan-an ni wọ́n ní kí n pàdé wọn ní apá kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá báyìí, apá kejì kò dé. Ṣé jìbìtì kọ́ nìyí?

Mà, ẹ pẹ̀lẹ́. Àṣà ìgbà kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé wọ ìgbà fóònù, nítorí pé nígbà náà, ẹni tí ó bá ra apá kìíní gbọ́dọ̀ tún ra apá kejì. Lórí YouTube, ìpolówó ọjà ni ó ń mú owó wá, wọ́n sì lè fi ìpolówó sí àárín fídíò èyíkéyìí tí ó bá ti tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ, nítorí náà fíìmù méjì ń gba ìpolówó ju ọ̀kan lọ. Mi ò pè é ní jìbìtì, ìwà ọ̀kánjúwà ni. Ẹ má wo apá kìíní fíìmù kankan títí ẹ ó fi rí apá ìparí rẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá kan, Ìdó-Èkìtì: Kí ni nọ́ńbà 18 tí ń bẹ ní igun fíìmù túmọ̀ sí, ta ni ó sì ń fi í síbẹ̀?

Pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wò ó ni. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń yẹ fíìmù wò, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ni ó ń fún fíìmù ilẹ̀ wa ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti ìhòòhò ni gbogbo ènìyàn ń ṣọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, èébú tí àwọn ọmọ ń kọ́ nínú fíìmù aláwàdà tí kò ní àmì kankan burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ́ kan, Ìkéré-Èkìtì: Ẹ̀yin àgbà a máa ṣe àríwísí fíìmù òde òní, ṣùgbọ́n A Tribe Called Judah pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. Ṣé gbogbo àwọn tí ó san owó yẹn ni kò mọ ohun tí ó dára?

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Fíìmù Fúnkẹ́ Akíndélé yẹn, tí ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó dé iye náà ní gbọ̀ngàn sinimá, iṣẹ́ tí obìnrin náà ṣe kí ó tó débẹ̀ kò sì kéré. Mo gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti gbádùn rẹ̀ ni inú ilé ìyá náà, níbi tí àwọn ọmọkùnrin márùn-ún tí bàbá wọn yàtọ̀ síra ti ń jà, tí oníkálùkù ń fi ẹnu ìlú bàbá rẹ̀ bú èkejì. Nígbà tí wọ́n gbé ìbọn lọ jalè, ó di fíìmù tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu kan náà ni mo tún padà sí.

Ní ti owó, ẹ má fi ṣe òṣùwọ̀n. Tíkẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngàn sinimá nìkan ni wọ́n ń kà, púpọ̀ nínú àwọn gbọ̀ngàn náà sì wà ní Èkó, Àbújá àti irú ìlú ńlá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wo fíìmù lórí fóònù ní Òmùò tàbí ní Ìsẹ̀ kò sí nínú ìṣirò. Bàbá Sàlá, ìyẹn Mósè Ọláìyá, ṣe Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982, àwọn olè da á kọ sí kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo ilé ni wọ́n ti wò ó tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, gbèsè sì ni ó kù sí ọrùn Mósè Ọláìyá. Ta ni yóò wá sọ pé fíìmù tí kò dára ni, nítorí pé owó rẹ̀ kò dé ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é?

Ọmọ kan, Ìlawẹ̀-Èkìtì: Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò fẹ́ràn ìjà, wọ́n a sì máa sùn tí fíìmù bá ti di ariwo. Kí ni mo lè bá wọn wò ní ọjọ́ Àìkú?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí ní ọdún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ. Ìtàn ọba kan ni, Lápité, tí ó fẹ́ adé Jogbo ṣùgbọ́n tí ó kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́ ìbúra tí gbogbo ọba gbọ́dọ̀ gbà, àti àwọn ìjòyè tí ń gba owó lọ́wọ́ àwọn agégẹdú. Ẹ sọ fún Bàbá pé kí wọ́n fi ojú sí Ọ̀pálábá, ẹni tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe. Arúgbó yìí kì í sáré, kì í pariwo, kò sì mú ohun ìjà lọ́wọ́. Òwe ni ó máa ń sọ, á tún fi orin bọ̀ ọ́, àwọn tí ń gbọ́ ọ á rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó lásán ni, títí tí yóò fi yé wọn pé gbogbo ohun tí wọ́n ń gbìmọ̀ níkọ̀kọ̀ ni ó ti mọ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tí ó ń parí òwe náà kí Fálétí tó parí rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni pé òun ni ó kọ eré náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wo Agogo Èèwọ̀ ti ọdún 2002, nítorí pé ìtàn Jogbo náà ni ó tẹ̀síwájú, kò sì ní yé Bàbá dáadáa bí wọn kò bá tíì wo ti àkọ́kọ́. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, ti ọdún 1993, ni kí ẹ fi ṣe ìkẹta. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n tà láìtọ́ ni, mi ò sì mọ àgbà Èkìtì kan tí kò ní ohun tí yóò sọ sí i. Apá mẹ́ta ni, ó gùn, nítorí náà ẹ má gbìyànjú láti parí rẹ̀ ní ọjọ́ kan.